Létà Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Àká

Túnwò kì í gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ oníbàárà láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí wíìlì rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ ló ṣẹ́, á ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un wò." Bí wọ́n bá ní bẹ́líìtì ló já, tí bẹ́líìtì ọ̀hún sì ń fì dirodiro lójú gbogbo ayé, á ṣì ní kí àwọn tún un wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ náà fún un, ó sì ti ń jẹ́ ẹ pẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ pé ó ní òmíràn. Kò bínú sí i. Ó gbà pé wàhálà ayé á dín kù bí àwọn ènìyàn bá lè máa wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó la ẹnu.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú kan, ènìyàn ló fẹ́ tún wò.

Ìwé kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́, láàárín agolo ọ́ìlì àti àwo tó ń da síkírù sí. Ilé-iṣẹ́ aránṣọ ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló ni ìwé náà. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo ẹ̀rọ wọn fún ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ọ̀gá méjì ni wọ́n sì fẹ́ kó wà níbẹ̀: ọ̀kan tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe, ọ̀kan tí yóò máa yẹ iṣẹ́ náà wò kí ẹ̀rọ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àyè ìbuwọ́lùwé méjì wà nísàlẹ̀, òfìfo ni méjèèjì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí rẹ̀. Bí kò bá dé, ṣọ́ọ̀bù mìíràn á gba iṣẹ́. Bí iṣẹ́ yìí bá sì bọ́, kò sí ohun tó kù fún Túnwò ju kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, nítorí ẹ̀rọ ìdílé tí wọ́n ń gbé wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò lè gbé ṣọ́ọ̀bù dúró.

Dókítà ló gbé ìwé náà wá. Ó ní, "Ìwọ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, àbúrò mi. Èmi á fọwọ́ sí i tẹ̀lé e, a ó wá jọ máa jẹun nínú àwo kan."

Dókítà yìí kì í ṣe dókítà o. Atúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ni, àmọ́ ó máa ń wọ kóòtù funfun ṣiṣẹ́, ó sì máa ń gbé etí lé ẹ̀rọ lára bí ẹni tó ń gbọ́ èémí aláìsàn. Òun àti ẹ̀gbọ́n Túnwò ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹnu dídùn yẹn gan-an ni Túnwò kò sì fọkàn tán.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ilé-iṣẹ́ aránṣọ yìí kan náà ni Túnwò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, létà kan jáde lórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn atúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ń pe ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn lórí ímeèlì. Ẹni tó bá ní ìṣòro á kọ létà sí àdírẹ́sì Ọ̀dẹ̀dẹ̀, létà náà á sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dá a lóhùn, gbogbo wọn á sì rí ìdáhùn náà. Ayé ti ní ohun tó yá ju ìyẹn lọ, àmọ́ wọn ò kúrò níbẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí orin, kò sí ẹni tó ń polówó ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni.

Ẹni tó kọ létà ọjọ́ yẹn pe ara rẹ̀ ní Ojú-Abẹ́rẹ́. Ó ní ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń fi ìkọ́ àlòkù sí wọn lábẹ́, ó sì ń pè é ní tuntun. Ìkọ́ yìí ni irin kékeré tó máa ń gba òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ. Bí kò bá dára, kò sí ohun tó dára mọ́. Ẹnìkan fi létà náà han ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, lọ́rì ti kó gbogbo ẹ̀rọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n Túnwò kò jà, kò sì rojọ́. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi kọ́ ara ìṣó, ó ní ọwọ́ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì padà wá mọ́.

Láti ìgbà náà ni Túnwò ti ń bi ara rẹ̀ pé ta ni Ojú-Abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì. Ẹni tó mọ inú ṣọ́ọ̀bù ni, tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ta ló sì máa ń wọlé wá yá fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wọ yàrá ìyá rẹ̀? Dókítà ni. Ìlà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ létà náà nìkan ni Túnwò kà nígbà náà, nítorí àkójọ létà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà dípò létà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ létà nìkan ló sì máa ń wà nínú àkójọ. Ó fi ìbínú pa á rẹ́. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni kò tún nǹkan wò, ó sì ti ń jẹ ìyà rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Kó tó bá Dókítà fọwọ́ síwèé kan náà, ó fẹ́ ka létà ọ̀hún tán.

Létà àtijọ́ ò sọnù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Àká tí wọ́n ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ pamọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ènìyàn kọ́ ló ń ṣọ́ Àká, ẹ̀rọ ni. Ó ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Èèyàn á kọ àṣẹ ránṣẹ́ sí i, ìlà kan tàbí méjì, láìsí ìkíni, ẹ̀rọ á sì fi ohun tó béèrè ránṣẹ́ padà. Túnwò ti kí i rí. Ó kọ "Ẹ kú iṣẹ́ o" sókè létà, ẹ̀rọ náà sì dá a lóhùn pé òun kò mọ àṣẹ tó ń jẹ́ "Ẹ kú iṣẹ́ o." Nítorí náà, lówùúrọ̀ Ọjọ́rú yìí, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ gán-ín:

WÁ: Ojú-Abẹ́rẹ́.

Ìlà kejì ni oṣù àti ọdún tí létà náà jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún pé létà wọlé. Inú rẹ̀ dùn pé ẹ̀rọ náà yára. Ó wò ó. Létà náà ti ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀ wá.

Ó tún àdírẹ́sì tó kọ wò. Àdírẹ́sì Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ibẹ̀ ló sì tẹ àṣẹ Àká sí. Gbogbo atúnṣe ẹ̀rọ tó wà nínú ẹgbẹ́, àgbà àti ọmọdé, ti rí i pé Túnwò ń wá Ojú-Abẹ́rẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ fèsì ni obìnrin àgbàlagbà tó ń bójú tó Ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olófin. Olùkọ́ títẹ̀wé ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì fẹ̀yìn tì kúrò nínú bíbá ènìyàn wí. Ó kọ ọ́ sí gbogbo ẹgbẹ́: "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ ni Àká. Ẹ̀rọ lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ènìyàn lẹ lọ bá. Ìtọ́ni wà nísàlẹ̀ gbogbo létà. Kí ẹnikẹ́ni má dá létà yìí lóhùn."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.

"Àǹtí Túnwò, ẹ ò tilẹ̀ kí wa káàárọ̀!"

"Ojú-Abẹ́rẹ́ ò sí lọ́dọ̀ wa níbí o. Ẹ wo abẹ́ tábìlì."

"Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn tún ti jí?"

Onírù ló kọ èyí tó gbẹ̀yìn. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kì í gé ìrù létà. Bí èèyàn bá dá létà lóhùn lórí ímeèlì, létà tó ń dáhùn á tẹ̀lé e nísàlẹ̀, pẹ̀lú àmì kékeré níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Òfin Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni pé kí oníkálukú gé e dànù, kó ṣẹ́ ìwọ̀nba tó wúlò kù. Onírù ò gé nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ méjì kó sì wọ́ létà ènìyàn mẹ́wàá tẹ̀yìn. Ìyá Olófin ti bá a jà títí ohùn rẹ̀ ti há. Lówùúrọ̀ yìí náà, létà tó ní kí ẹnikẹ́ni má fèsì ń fì nídìí èsì rẹ̀.

Túnwò kò rí ẹ̀rín rín. Fóònù tún dún. Dókítà ni.

"Àbúrò mi, ṣé kò sí?"

"Kò sí, Dókítà."

"Mo rí nǹkan lórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, àbí wọ́n ti jí fóònù ọmọ yìí gbé ni?"

"Ọwọ́ mi ló ṣì."

"Kó ṣì, kó wá lọ kọ Ojú-Abẹ́rẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Kí lo fẹ́ fi létà àtijọ́ ṣe? Ìwé tó wà níwájú wa ni ká dojú kọ. O ti fọwọ́ sí i?"

"Mo ṣì ń kà á."

"Ojú ìwé kan péré!"

"Mo ń kà á dáadáa ni."

Ohùn Dókítà wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ mọ̀ pé ò ń wá a?"

"Kí ló kan ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀?"

"Rárá o, mo kàn béèrè ni. Fi í sílẹ̀, jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́."

Túnwò gbé fóònù sílẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé Dókítà ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ ọkùnrin yìí bá mọ́, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?

Ó jókòó, ó kọ àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ka àdírẹ́sì náà sókè ketekete kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Obìnrin aránṣọ kan gbé ẹ̀rọ wọlé bó ti ń kà á lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Ta ló rán ẹ wá?"

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀rọ tó gbé mọ́ àyà. "Ẹ̀rọ mi ló rán mi wá, Mà. Ó ń jẹ òwú."

Ojú ti Túnwò. Ó gba ẹ̀rọ náà, ó yí wíìlì rẹ̀, ó ní kó padà wá lọ́la.

Èsì Àká ti dé. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ láìfi epo kún un pé òun kò rí létà kankan láti ọ̀dọ̀ Ojú-Abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ó kó gbogbo létà oṣù náà wá bó ti béèrè. Nọ́mbà wà lórí létà kọ̀ọ̀kan nínú Àká, wọ́n sì tò tẹ̀léra wọn. Túnwò fi ìka tọ̀ wọ́n sọ̀kalẹ̀. Níbi tó yẹ kí létà Ojú-Abẹ́rẹ́ wà, nọ́mbà kan fò. Èyí tó ṣáájú wà, èyí tó tẹ̀lé e wà, àárín wọn ṣófo bí àyè eyín tó ká.

Ó wá Ìyá Olófin lórí fóònù.

"Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, Mà?"

"Èmi ni. Ẹni tó kọ ọ́ ló ní kí n yọ ọ́. Mo wádìí pé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́, mo sì yọ ọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni."

"Ta ni?"

"Bó o bá kọ létà tó o wá ní kí n yọ ọ́, ṣé wàá fẹ́ kí n máa dárúkọ ẹ kiri?"

"Mi ò lè kọ irú létà bẹ́ẹ̀."

"Kò sí ẹni tó ní kí n yọ létà fún òun tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Ẹ ń bo ọ̀dàlẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn, Mà."

"Òfin ni mò ń pa mọ́." Ìyá Olófin wúkọ́. "Ìgbà wo lo rí ẹ̀gbọ́n ẹ gbẹ̀yìn?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Lọ kí i. Ó dàbọ̀." Ó sì pa fóònù.

Túnwò dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó tún padà wá jókòó. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wọn ni, ìyẹn ti hàn kedere. Dókítà ti pe Ìyá Olófin, tàbí kó jẹ́ pé Ìyá Olófin ló pe Dókítà, wọ́n sì ti fẹnu kò síbi kan: kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dí i lójú títí ọjọ́ yóò fi kọjá, tí yóò fi fọwọ́ síwèé.

Ó tún àwọn létà oṣù náà kà láti òkè. Àwọn tó fèsì sí Ojú-Abẹ́rẹ́ nígbà náà pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti gé ìrù létà wọn bí òfin ti wí. Ìbínú wọn nìkan ló kù, ohun tí wọ́n ń bínú sí ti lọ. Ó ń kà á lọ títí tó fi kan létà kan tó gùn gbọọrọ. Òkè rẹ̀ kà pé: "Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Onírù ni. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni létà Ojú-Abẹ́rẹ́ wà pátápátá, pẹ̀lú àmì kékeré níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìyá Olófin ti yọ létà náà, kò rántí pé ẹni tí òun ń bá wí lójoojúmọ́ ti gbé e rù.

Túnwò kà á tán, ó sì tún un kà.

"Ẹ̀yin ará Ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó wà ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ ẹ̀yìn ibùdókọ̀ kò ṣe é lò. Ọkùnrin tó ń tún wọn ṣe ti fi ìkọ́ àlòkù sí wọn lábẹ́. Ó fi fáìlì ha ojú wọn títí wọ́n fi ń dán, ó sì pè wọ́n ní tuntun. Irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kan abẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ bá ń sáré. Abẹ́rẹ́ kan ti ṣẹ́ wọ aránṣọ kan lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún máníjà pé kó dá ẹ̀rọ dúró, ó ní kí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ parí ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, ẹ bá mi fi létà yìí hàn án lónìí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má da orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn."

Ìlà tó gbẹ̀yìn ló mú un lára jù. Ta ló fẹ́ kí orúkọ òun mọ́? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ lé ẹ̀gbọ́n kúrò kó lè bá àbúrò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú ni. Ó tẹ létà náà jáde sórí bébà, ó kó o pọ̀ mọ́ ìwé ilé-iṣẹ́ nínú báàgì rẹ̀, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Dókítà.

Fóònù wà létí Dókítà nígbà tó wọlé. Ó rí Túnwò, ó sọ sínú fóònù pé, "Òun rèé, ó ti dé," ó sì yára gbé e sí àpò kóòtù funfun.

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Oníbàárà kan."

"Oníbàárà tó ń retí mi?"

Dókítà fa àga fún un. Túnwò kò jókòó. Ó gbé létà náà lé orí ẹ̀rọ tó wà níwájú ọkùnrin náà. Dókítà rọra gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó sì kà á. Nígbà tó kà á débi ìkọ́ tí wọ́n fi fáìlì ha, ó gbójú kúrò lára bébà, ó ń wo fèrèsé.

"Ṣebí wọ́n ti yọ ọ́."

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n yọ ọ́! Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Túnwò, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Fáìlì wa lẹ máa ń yá. Ẹ máa ń wọ yàrá ẹ̀yìn. Ta ló tún mọ̀ pé wọ́n ha ìkọ́?"

"Èmi kọ́."

"Ta ni?"

"Mo ti ṣèlérí fún ẹni náà. Ilé ẹ̀gbọ́n ẹ kò jìnnà síbí. Lọ bi í. Bí kò bá dá ẹ lóhùn, padà wá, kó o wá fi òòlù fọ́ mi lórí."

"Mo lè kọ́kọ́ fọ́ yín lórí ná, kí n tó lọ."

"Mo mọ̀ pé o lè ṣe é," ni Dókítà wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Wọ́n ti ń retí yín láti àárọ̀. Wọn ò jẹun."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ti fèrèsé, fóònù kan wà lórí itan rẹ̀. Ó ti rù sí i. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lórí apá àga. Túnwò kúnlẹ̀ kí i. Kó tó dìde tán ni ọkùnrin náà ti sọ̀rọ̀.

"Èèyàn kì í bá Àká sọ̀rọ̀ lórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣì wà nínú ẹgbẹ́?"

"Mi ò kúrò níbẹ̀ rí. Mo kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ ni, mò ń gbọ́ yín bẹ́ ẹ ti ń pariwo." Ó na ọwọ́. "Gbé e wá."

Túnwò fún un ní bébà náà. Kò kà á. Ó kàn wo ibi tí ó parí sí, ó sì dá a padà. "Onírù ni, àbí? Ìyá Olófin á ya wèrè."

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló kọ ọ́?"

"Èmi."

Túnwò wò ó.

"Ìkọ́ tuntun tí a ń retí ò dé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ilé-iṣẹ́ sì ń pariwo sí mi lórí. Mo ṣa àwọn àlòkù jọ, mo ha wọ́n, mo sì fi wọ́n sí i nígbà tí o lọ kó ọ́ìlì. Mo ní kó gbé wa dé ìgbà tí tuntun á dé. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ wọ ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́. Mo sáré lọ bá máníjà, mo ní, 'Ẹ pa àwọn ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ mi ni kò dára.' Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní mo ti ń darúgbó, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ni mo bá jókòó, mo kọ̀wé fi ẹjọ́ ara mi sùn, torí mo mọ̀ pé bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́, wọn á gbọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú ń tì mí."

"Ẹ̀yin!" Túnwò dìde, ó tún jókòó. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo gbogbo àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa bí olè! Mo lé ọmọṣẹ́ dànù torí pé ó ń wo kọ̀ǹpútà mi. Mo bi aránṣọ léèrè lónìí pé ta ló rán an wá!"

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ̀rọ òun ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ikọ́. Túnwò kò bá a rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ ti wà lórí nǹkan mìíràn.

"Dókítà mọ̀?"

"Ó mọ̀. Òun àti Ìyá Olófin nìkan ni. Òun ló pè mí nígbà tó o wà lọ́nà."

"Ìgbà wo ló mọ̀, Bọ̀ọ̀dá? Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ wọ ọmọ yẹn lọ́wọ́, àbí ṣáájú?"

Ọkùnrin náà yí ojú sí fèrèsé, gẹ́gẹ́ bí Dókítà ti ṣe. "Má bi mí ní tẹlòmíràn. Mo ti sọ tèmi."

Túnwò pe Dókítà lórí fóònù níbi tó jókòó sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi, Dókítà. Ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ."

"Ó ti tán, àbúrò mi. Ó ti tán. Mo mọ̀ pé—"

"Nígbà tí wọ́n ń ha ìkọ́ yẹn, ibo lẹ wà?"

Túnwò gbọ́ bí ẹ̀rọ kan ti ń sáré lẹ́yìn Dókítà, ó gbọ́ bí wọ́n ti pa á.

"Mo bá a níbẹ̀," ni Dókítà wí. "Mo bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Kò sí ẹni tí kì í ṣe é nígbà náà, Túnwò. Mo ní ó mọ ohun tó ń ṣe."

"Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n á gbé e lọ sílé-iṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mi ò ní lè bá yín fọwọ́ síwèé yẹn."

"Torí tọ́ọ̀ṣì?"

"Wọ́n fẹ́ ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ mi wò. Ẹ̀yin rí i, ẹ sì dákẹ́."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó ní kí ó bá òun kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn mọ́, Túnwò sì rí i pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ó yọ ìwé ilé-iṣẹ́ kúrò nínú báàgì. Ó fọwọ́ sí àyè ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe, ó wá gbé ìwé náà lé orí tábìlì kékeré níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé létà Ojú-Abẹ́rẹ́ tì í, ó sì fi bírò lé e lórí.

"Kí nìyí?"

"Àyè ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ wò ló kù."

"Orí ẹ dàrú? Ọwọ́ mi ò lè di síkírù mú mọ́."

"Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ di síkírù mú. Ojú yín ńkọ́? Etí yín ńkọ́?"

"Èmi tí mo fi àlòkù sí i? Wọ́n á rí orúkọ mi, wọ́n á sì lé ẹ jáde."

"Bí wọ́n á bá lé mi, kí wọ́n lé mi ní Ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ yín sábẹ́ létà yẹn, èyí tí bàbá wa sọ yín, kì í ṣe Ojú-Abẹ́rẹ́. Èmi á mú méjèèjì lọ pọ̀. Kí wọ́n kà á tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà wo ìwé méjèèjì pẹ́ títí. Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, kò wọlé. Ẹ̀gbọ́n Túnwò wá mú bírò náà, ẹnu bírò ń lu bébà tìkì-tìkì bó ti ń wá ibi tí yóò gbà bẹ̀rẹ̀. Túnwò fi ọwọ́ méjèèjì di etí ìwé náà mú, kó má baà yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.